Ọjọ́ Tí A Lọ Dúpẹ́ Lórí Ọwọ́ Bàbá Mi

Kékeré ni mo wà, ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí ariwo ayùn ńlá máa ń jí gbogbo àdúgbò wa láràárọ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, fóònù ló ń jí yín. Àwa, ayùn ni. Ilé ìlagi kan wà létí ọ̀sà tí gbogbo wa ń pè ní sọ́ọ̀mìlì, kò sì jìnnà sílé wa rárá. Orí omi ni wọ́n ti ń fa àwọn gẹdú wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á so wọ́n pọ̀ bí ẹní, wọ́n á sì wà wọ́n títí dé èbúté. Bí ayùn bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi á ní ilẹ̀ ti mọ́, ẹ dìde, ẹ lọ pọnmi. Bó bá dákẹ́ lọ́sàn-án, a mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun nìyẹn. Ariwo yẹn ò yọ wá lẹ́nu. Kó dákẹ́ láìtásìkò ló máa ń já wa láyà.

Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Èèyàn gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló sì máa ń ti gẹdú sẹ́nu ayùn. Iṣẹ́ akin ni, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé aláìbìkítà nìkan ni ẹ̀rọ ń gé lọ́wọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti fi irin kan bo eyín ayùn, kí ọwọ́ èèyàn má baà dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹdú ìgbà yẹn tóbi, irin náà a máa há wọn, iṣẹ́ a sì máa falẹ̀. Ọ̀gá tó ni sọ́ọ̀mìlì wá ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó ní ṣé ọmọdé ni wọ́n ni, tí wọn ò mọ ibi tí ọwọ́ ò gbọdọ̀ dé? Bàbá mi sọ fún wa nílé pé gbogbo àwọn rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ju irin náà sẹ́yìn ilé ìlagi, ó ń dípẹtà níbẹ̀, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìyá mi ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, èmi sì jókòó tì í, mò ń bu èérún pákó síná fún un kí èéfín lè rú dáadáa. Ọ̀dọ̀ bàbá mi la ti ń rí èérún pákó yẹn. Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni ayùn dákẹ́. Àsìkò oúnjẹ kò tíì tó. Ìyá mi gbé ojú sókè, ọwọ́ tó fi mú ẹja sì dúró lókè iná. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré bọ̀ nílé wa.

Apá ẹ̀wù bàbá mi ni ayùn kọ́kọ́ gbá mú. Èyí ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sọ, ẹnu wọn kò sì yàtọ̀. Kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn dókítà sì ní àfi kí àwọn gé ọwọ́ náà láti ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún ṣe rí nílẹ̀ wa. Òun la fi ń jẹun, òun la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, òun la fi ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì, ẹ má bínú, gbogbo wa la mọ ibi tí iṣẹ́ tiẹ̀ wà. Bàbá mi kò jẹun lójú èèyàn mọ́ títí ó fi kú. Wọ́n á pè é síbi ìsọmọlórúkọ, á lọ, á jókòó, á ní òun ti yó láti ilé. Tó bá fẹ́ na nǹkan sí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ kékeré tó fẹ́ rán níṣẹ́, á kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Á ní, “Má bínú ọwọ́ òsì o.” Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Èmi ni mo wá ń bá a ṣe àlùwàlá. Bó bá fẹ́ kírun, màá gbé bútà omi wá, màá da omi sí ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù, màá sì fi ọwọ́ tèmi bá a fọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Èmi ni mo di ọ̀tún tó ń wẹ òsì bàbá mi. Ibi tó bá ń lọ, mo ń bá a lọ, láti bá a ṣí ìlẹ̀kùn, láti bá a mú ohun tí ọwọ́ kan ò lè mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Wọn kò sọ ọ́ fún mi, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ.

Ọ̀gá sanwó ọsibítù. Ó tún wá kí bàbá mi níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó gbé ọsàn wá. Ìròyìn yìí dé etí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà. Ẹ ò bá mọ Bàbá Àgbà! Ọkùnrin tó fẹ́ràn òwe ju oúnjẹ lọ, ó sì fẹ́ràn oúnjẹ gan-an. Ó pe ẹbí jọ, ó ní ọ̀gá ti ṣe wá lóore, kò sì yẹ kó dà bíi pé ilé wa ò ní ẹ̀kọ́. Ó ní, “Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.” Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Ìyá mi nìkan ló sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn níbi tó dúró sí, ó ní oore wo? Bàbá Àgbà bojú wò ó báyìí. Ìyá mi sì padà sídìí iná.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbéra lọ sílé ọ̀gá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo ẹbí, nínú aṣọ tó dáa jù tí a ní. Ìyá mi ti wá ẹja ọ̀bọ̀kún kan tó tóbi rà, orí mi ni wọ́n sì gbé e lé nínú agbọ̀n. Omi ẹja ń kán sí mi lọ́rùn ní gbogbo ọ̀nà, mo sì ń gbé e bí ẹni gbé adé, torí àwọn èèyàn ń wò wá. Inú mi dùn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Ọmọdé ni mí. Mo rò pé ayẹyẹ ni.

Àwọn ìyàwó ọ̀gá gba ẹja, wọ́n yìn ín. Ọ̀gá jókòó sórí àga rẹ̀, àwọn èèyàn ńlá ìlú mélòó kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá Àgbà dọ̀bálẹ̀, gbogbo ọkùnrin ilé wa dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e, àwa obìnrin kúnlẹ̀. Bàbá mi náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò nílé, kí ẹ fi ọwọ́ kan dọ̀bálẹ̀, kí ẹ rí bó ṣe ń rí. Ó fi ọwọ́ òsì tẹlẹ̀, ara rẹ̀ yẹ̀, ó fi apá tó wà nínú báńdéèjì gbálẹ̀. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀gá yára na ọwọ́ sí i, ó ní, “Ẹ dìde, ẹ dìde. Ọlọ́run ló ṣe é, kì í ṣe èmi.” Àfáà tó wà níbẹ̀ ṣàdúrà fún ọ̀gá pé kí Ọlọ́run san án lẹ́san oore, gbogbo wa sì ṣe àmín. Bàbá mi ṣe àmín.

Wọ́n fún wa ní àpò ìrẹsì kan pé ká máa gbé lọ. Nígbà yẹn, ọdún la fi ń jẹ ìrẹsì. A sè é lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé jẹ, ó dùn. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé ìyá mi kì í bá wa jẹ nínú ìrẹsì yẹn. Nígbà tí mo dàgbà ni mo bi í, ó sì dá mi lóhùn láìgbé ojú kúrò lára ẹja tó ń pa: “Ọwọ́ bàbá yín lẹ jẹ níjọ́ náà.”

Ó tó oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ àdúgbò wa kan tó ń ṣe akọ̀wé nílé iṣẹ́ ìjọba wá kí wa. Ó rí bàbá mi tó jókòó sábẹ́ igi bíi ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ó béèrè ohun tí ọ̀gá fún un. Bàbá mi ní ó sanwó ọsibítù, ó sì fún àwọn ní ìrẹsì. Ọmọkùnrin náà mi orí. Ó ní láti ayé òyìnbó ni òfin ti wà pé ẹni tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe, ẹni tó gbà á síṣẹ́ gbọ́dọ̀ san nǹkan fún un nítorí ẹ̀yà ara tó pàdánù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú. Ó ní tí ọ̀gá bá kọ̀, òun mọ ibi tí a lè lọ. Mo rí bàbá mi tó gbé orí sókè. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó gbé orí sókè báyẹn.

Bàbá Àgbà kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé wa, torí ó ní kò yẹ kí àbúrò òun nìkan lọ kojú ọ̀gá. Ọ̀gá gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò bínú rárá. Ì bá tilẹ̀ sàn kó bínú. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ẹ ní oore tí mo ṣe pọ̀? Gbogbo ìlú rí yín. Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹ̀tọ́ dù ú?”

Bàbá mi yíjú. Ó wo Bàbá Àgbà, ẹni tí òwe kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Àgbà ń wo ilẹ̀. Ojú tì í, mo mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, ó ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àti pé kí ni aráyé máa wí tí a bá dúpẹ́ lánàá tí a pẹjọ́ lónìí? Bàbá Àgbà wá yà sílé tirẹ̀, ó ku èmi àti bàbá mi. Nígbà tí a dé etí ọ̀sà, bàbá mi dúró, ó ń wo àwọn gẹdú tó wà lójú omi. Èmi ló bá sọ̀rọ̀, èmi ọmọdé, torí kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ó ní, “Àwa fúnra wa la fi ọpẹ́ ti ìlẹ̀kùn yẹn.”

Kò padà lọ mọ́. Ẹlòmíì ni wọ́n gbà sẹ́nu ayùn, irin náà sì wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọn adìyẹ. Ẹja ìyá mi la wá ń jẹ, òun náà la fi ń wọṣọ, nígbà tí kò sì tó, wọ́n yọ mí nílé ìwé kí n lè máa bá a kiri ẹja. Ẹ má bá mi káàánú o. Mo jẹun nínú ẹja, mo fi ẹja tọ́mọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìwé, mo sì mọ̀ ọ́n kà, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ẹ má wá rò pé ìtàn àtijọ́ lásán ni mo fi ń pa yín létí. Àgbà ti dé báyìí, mo kúrò ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo wà ní Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú. Òun ń lọ síṣẹ́ ní Èkó láràárọ̀, ó ti ń jáde kí àkùkọ tó kọ. Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ-ọmọ mi, tó kàwé gboyè, tó wáṣẹ́ títí tí kò rí, tó wá lọ gba iṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń gbé wọn ní ibùdókọ̀ Ágíríìkì. Wọn ò gbà á bí òṣìṣẹ́ gidi, alágbàṣe ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹlòmíì ló kó wọn wá fún ilé iṣẹ́ náà. Ó máa ń gbé bísíkíìtì tó fọ́ bọ̀ fún mi, ó mọ̀ pé eyín mi ò fẹ́ èyí tó le.

Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń fi irin roboto méjì tẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, kó lè fẹ̀ pẹlẹbẹ. Ìyẹ̀fun a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ má pa á tí ó bá lẹ̀, torí tí wọ́n bá pa á, ó máa ń pẹ́ kó tó gbéra. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ ha á kúrò bó ṣe ń yí lọ. Mo bi ọmọ-ọmọ mi pé ṣé kò ní ìdérí ni? Ó ní, “Màmá, ó ní. Wọ́n yọ ọ́ nítorí ó ń dá iṣẹ́ dúró.” Orí ibùsùn ọsibítù ló ti ń sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n dì rọ̀gbọ̀dọ̀. Ìka àtàńpàkò nìkan ló kù níbẹ̀. Mo kàn ń gbọ́ ìdákẹ́ ayùn lọ́kàn mi.

Máníjà wọn sanwó ọsibítù. Ó tún wá kí i, ó gbé ápù wá. Ẹ ń gbọ́ mi àbí? Ápù.

Lọ́jọ́ tí ọmọ náà dé sílé, ìyá rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá, ó ní lọ́jọ́ Sátidé a ó lọ dúpẹ́. Ó ní ọ̀gá tó ń bójú tó wọn lẹ́nu iṣẹ́ ló gbà wọ́n nímọ̀ràn, pé tí ẹbí bá wá dúpẹ́ dáadáa, bóyá dírẹ́kítọ̀ á wá ibì kan fi ọmọ náà sí, kó máa ka páálí bísíkíìtì. Ó ti ra èso sínú agbọ̀n, ó ti fi ọ̀rá dídán wé e. Ó ní èmi ni àgbà, èmi ni màá ṣaájú ọ̀rọ̀. Mo ní oore wo? Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló jáde lẹ́nu mi, mi ò tilẹ̀ wá a.

A fa ọ̀rọ̀ náà gan-an. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún yín yìí fún un, ó ní òun mọ̀ ọ́n, láti kékeré lòun ti ń gbọ́ ọ. Mo ní ọkùnrin agbẹjọ́rò kan wà tí mò ń gbọ́ lórí rédíò láràárọ̀, ó sọ pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ tó ìjọba létí, pé àpò kan wà tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí nítorí irú èyí, pé alágbàṣe náà ní ẹ̀tọ́. Wọ́n ń pè é ní owó gbà-má-bínú. Orúkọ yẹn ò tilẹ̀ wù mí, torí ẹni tó bá ní gbà-má-bínú lè ní kò wu òun mọ́. Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó bú sẹ́kún. Ó ní, “Màmá, ta ló máa gba ọlọ́wọ́ kan síṣẹ́? Tí a bá bá wọn jà, kí ló kù fún un?” Ìbéèrè rẹ̀ wúwo, mi ò lè fi òwe yí i dà nù. Mo kàn ní ó dáa, màá bá wọn lọ.

A dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Sátidé. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, dírẹ́kítọ̀ sì wà níbẹ̀, ọkùnrin tó lẹ́nu dídùn, tó ń pè mí ní Màmá. Máníjà ní kí a dúró díẹ̀, pé kí àwọn ya fídíò, kí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lè rí i bí ilé iṣẹ́ ṣe ń tọ́jú ènìyàn. Ọmọge kan gbé fóònù sókè sí wa. Ẹ wo bí ayé ṣe yí. Nígbà tiwa, ojú àwọn èèyàn ńlá mélòó kan ló rí ọpẹ́ wa, wọ́n sì ti kú báyìí. Èyí tí fóònù bá rí, ta ló máa pa á rẹ́?

Ni mo bá ṣàkíyèsí pé ọmọ-ọmọ mi ti ń kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni, àwa la fi kọ́ ọ, ó sì dáa. Ó ti fẹ́ fi ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì ti orúnkún rẹ̀. Mo dì í mú ní ìgbọ̀nwọ́. Mo ní, “Dìde.”

Ìyá rẹ̀ wò mí. Mo kí dírẹ́kítọ̀ dáadáa, mi ò ṣépè, mi ò gbóhùn sókè, mo ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ wa. Lẹ́yìn náà mo ní, “Ọ̀gá, a ò tíì wá dúpẹ́. A wá béèrè ni. Ṣé ẹ ti fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọmọ yìí tó ìjọba létí? Nígbà tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, èmi fúnra mi á padà wá síbí, màá kúnlẹ̀, kí ẹ ya fídíò rẹ̀ bó ṣe wù yín.” Ọmọge náà ti rọra sọ fóònù kalẹ̀. Dírẹ́kítọ̀ wo máníjà, máníjà ń wo ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Àgbà ṣe wo ilẹ̀ níjọ́sí. Wọ́n ní àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn á pè wá. A gbé agbọ̀n èso wa, a bọ́ síta.

Nígbà tí a délé, ọmọ mi ní mo ti ba iṣẹ́ ọmọ náà jẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn ò tíì pè é padà síṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn lọ́yà tí ìjọba fi ń ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ láìgbowó ti gbọ́ tẹnu wa, wọ́n ti bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó yẹ kó dé, ká ní sùúrù. Mò ń ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sùúrù ẹni tó ti dàgbà tó mi yìí kì í gùn. Láàárọ̀ kan, mo jí, mo ń bi ara mi pé bóyá Bàbá Àgbà ló gbọ́n jù, bóyá páálí tí ọmọ náà ì bá máa kà sàn ju ẹ̀tọ́ tí kò tíì dé. Mo sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí lọ́kàn mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ọmọ-ọmọ mi kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yà kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní wọ́n ti dá ìdérí ẹ̀rọ náà padà. Ó ní wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kàn án láì kọ́kọ́ pa á. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ronú kan irin tí adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, mo sì sunkún níwájú àlejò.

Sọ́ọ̀mìlì yẹn kò sí mọ́. Mo gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí mo lọ sí Ẹ̀pẹ́, ògiri gíga ni wọ́n mọ yí etí ọ̀sà ká, wọ́n ń kọ́ ilé fún àwọn ọlọ́lá. Ẹ̀rọ ayé òde òní ń tàn yòò, ó ń ka nǹkan fúnra rẹ̀, kò pariwo bí ayùn wa. Òfin tí a kàn ń gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ rẹ̀ nígbà náà, rédíò ń ké e sí wa létí báyìí. Gbogbo nǹkan ti yí. Orúnkún wa nìkan ni kò tíì yí, ó ṣì máa ń yára tẹ̀ kí a tó ronú. Mi ò ní kí ẹ má dúpẹ́ o. Ẹ dúpẹ́ oore. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa bóyá oore ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, òùngbẹ ń gbẹ mí, ọmọ-ọmọ mi sì bu omi wá fún mi. Ó nà án sí mi, ó rẹ orí sílẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú ọwọ́ òsì.”

Mo gba omi náà, mo gbé e kalẹ̀, mi ò tíì mu ún. Mo ní má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, nínú ilé yìí àti níta. Ẹni tó gba ọ̀tún lọ́wọ́ ẹ ni kó wá bẹ̀ wá.